Ẹnu Ọba Má-Rẹ́rìn-ín

Ogún ọdún ni ìyàwó mi fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní àwòrán ẹ̀fẹ̀, láràárọ̀ Sátidé, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé àdúgbò wa. Ogún ọdún náà ni èmi fi ń sọ fún un pé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe àwòrán. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìntì. Bí ìlà kan bá fi ìbú irun orí yẹ̀ lórí tábìlì mi, ògiri á wọ́ níbì kan.

"Ọba tèmi ò ní ògiri o, Bàbá wa," ni òun máa ń dá mi lóhùn.

Ọba kan báyìí ló ń kọ́ wọn láti yà. N kò yọjú sí yàrá náà rí.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ní ó ku Sátidé kan péré kí kíláàsì ọdún yìí parí. Ó ní kí n rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọba tirẹ̀ lọ sílé. Mo ṣèlérí. Mo rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó tún lè bèèrè. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Nígbà tí Sátidé náà dé, mo ra rúlà mẹ́wàá fún ọmọ mẹ́wàá, mo sì mú ìwé tí ìyàwó mi máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí dání. Ìgbésẹ̀ méje ló wà níbẹ̀: orí, ojú, ìpéǹpéjú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìwọ̀n kankan. Mo bá a ṣe àtúnṣe. Mo kọ ọ́ sára pátákó pé: orí ọba, sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́fà ní ìbú.

Wọ́n fa ìlà. Wọ́n tún un fà. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká gbé bébà rẹ̀ sókè.

"Bàbá, ọba wo ló ń gbé inú páálí?"

"Tìẹ tiẹ̀ sàn," ni ọmọkùnrin onígíláàsì tó jókòó tì í wí. "Ṣáláńgá ni tèmi jọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti ń kó pẹ́ńsù rẹ̀ sínú báàgì. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé yọ orí wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aago méjìlá ni àwọn òbí wọn máa dé."

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú, kò sì sí ọba kan ṣoṣo nínú yàrá yẹn. Mo ṣí ìwé ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbésẹ̀ keje: *Ẹnu. Rúlà.*

"Ṣé ẹ rí i?" mo wí. "Màmá yín náà ń lo rúlà."

"Ẹnu nìkan ni, Bàbá," ọmọbìnrin akáyín náà dáhùn, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ lásán la fi ń ya ìyókù."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu nìkan?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó dáa, wá yà á kí n rí i."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì. Ó ya orí rìbìtì bí ìbẹ́pẹ, iwájú orí tí irun ti sá kúrò níbẹ̀, àti ìpéǹpéjú méjì tó forí gbárí bí ẹni ń jà. Ó ya adé. Lábẹ́ adé, ó ya pẹ́ńsù kan há sétí rẹ̀.

Ọwọ́ mi lọ sí etí mi. Pẹ́ńsù wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún. Onígíláàsì lọ sábẹ́ tábìlì láti lọ rẹ́rìn-ín.

Akáyín gbé rúlà, ó fa ẹnu ọba náà gbọọrọ.

"Ta nìyí?" mo bi í, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Ọba Má-Rẹ́rìn-ín ni. Ilé Màmá ló ń gbé."

Ogún ọdún! Èmi tí mo ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe àwòrán, mi ò mọ iye fíríìjì tí wọ́n ti lẹ̀ mí mọ́ ní àdúgbò yìí.

"Ṣé ó ti parí?"

"Rárá o." Ó fi ìka pa orígun ẹnu kan rẹ́, ó sì fi ọwọ́ tún un yà, ó gbé e sókè díẹ̀ báyìí. "Màmá ní tí èèyàn bá wò ó pẹ́, ibí yìí máa ń gbéra. Wọ́n ní ọba fúnra rẹ̀ ò mọ̀."

Mo kọjú sí pátákó. Mo nu gbogbo ìwọ̀n tí mo kọ, ó sì gbà mí lákòókò díẹ̀. Mo wá gba rúlà mẹ́sàn-án padà, mo fi ẹyọ kan sílẹ̀.

"Ẹ yí bébà yín sí ẹ̀yìn," mo wí, mo sì jókòó síwájú wọn.

"Bàbá, ẹ má mira!"

"Ẹ bojú jẹ́ dáadáa, Bàbá!"

Ìyẹn ò ni mí lára.

Nígbà tí aago méjìlá lù, ọmọ mẹ́wàá gbé ọba mẹ́wàá jáde. Ìyá kan wo bébà ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Akáyín ló kẹ́yìn. Ó rí i pé èmi náà ti ya tèmi sínú ìwé Màmá nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́.

"Ẹnu tiyín ò tíì parí, Bàbá."

Mo mú pẹ́ńsù létí mi, mo fọwọ́ gbé orígun náà sókè. Ìlà náà yẹ̀ ju ìbú irun orí lọ. N kò pa á rẹ́.