Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Ń Pè

Pupa ni ìlà àkọ́kọ́ tó yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìkejì tẹ̀ lé e, pupa. Nígbà tí ìkẹta máa fi yọ, ó pọ́n bí ojú tí wọ́n fọ́n ata sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì gbé ife omi tó fẹ́ mu kalẹ̀ láìtíì fi kan ẹnu.

Ẹ̀rọ ńlá tó gbé iṣẹ́ gbogbo ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ rù ló ń jí lọ́wọ́. Lánàá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ Línọ́ọ̀sì, ètò àtijọ́ tó ń darí ẹ̀, kúrò lára ẹ̀, ó wọ tuntun fún un, ó pa á, ó sì lọ sílé lọ sùn bí ọba. Láàárọ̀ yìí ló tàn án. Ẹ̀rọ jí lóòótọ́, àmọ́ ó jí bí ọ̀mùtí: ojú ẹ̀ là, kò mọ ilé ta ló wà. Gbogbo iṣẹ́ tó máa ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jáde ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ń gbé èsì ẹ̀jẹ̀ láti láàbù lọ bá àwọn dókítà, èyí tó ń tẹ̀wé, èyí tó ń wá orúkọ aláìsàn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò rọ́nà, ni kálukú wọn bá ṣubú síbẹ̀.

Kò sí yunifásítì tó fi Ọ̀jọ̀gbọ́n joyè o. Òun ló pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn títí tó fi sú gbogbo ilé ìwòsàn láti jiyàn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tó ń fọ́nnu, ẹ máa rò pé òun ló bí mànàmáná, tó tún nu ìdí fún un. Wọ́n ní ó bú kọ̀ǹpútà kan lọ́jọ́ kan títí kọ̀ǹpútà náà fi tọrọ àforíjì. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ìtàn náà. Lánàá, ó ti fi dá Mátírọ́nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, lójú pé kí wọ́n tó mu tíì àárọ̀ tán, ẹ̀rọ á ti máa kọrin.

Ó sì gbọ́dọ̀ kọrin, torí tó bá di ọ̀sán, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ibi tó ń lọ.

Ibi tó ń lọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ìyá ọmọ ti fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́n sì ń gbé ní òdìkejì ìlú. Ó ti pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń dájọ́ pé òun ń bọ̀ wá mú ọmọ jáde. Tí ọjọ́ bá pé, iṣẹ́ á dá a dúró, á wá tẹ̀ wọ́n láago, á fi ẹnu dídùn bẹ ọmọ. Ọmọ á ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ìyá ẹ̀ wá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.

"Ọ̀sán Sátidé, màá jẹ́ kó jókòó dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Tó o bá tún jẹ́ kó jókòó lásán, mi ò ní jẹ́ kó jókòó dè ọ́ mọ́."

Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, "ẹ" ló máa ń lò fún un. "O" yìí gún un ju ìkìlọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Ó ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó gbé e wá síbi iṣẹ́ nínú ọ̀rá, kí ó lè ti ibẹ̀ kọjá tààrà.

Sátidé nìyí, ẹ̀rọ sì kọ̀.

Mátírọ́nù dé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Arábìnrin náà sanra, ó sì jẹ́jẹ́, kì í yára bínú, kì í sì í yára gbàgbé. Ó wo gbogbo pupa tó kún ojú kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé orin tó ń kọ nìyẹn?"

"Wáyà ni, Mà. Àwọn tó fa wáyà ilé ìwòsàn yìí, adìẹ ni wọ́n fẹ́ so."

"Wáyà ọ̀hún náà ló wà níbẹ̀ lánàá."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, tó bá gbọ́ ọ, ì bá ti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lérí fún gbogbo ayé, tí wáyà ò bá gbé ẹ̀bi náà, orí ta ló fẹ́ lọ? Ó rá wọ abẹ́ tábìlì. Wáyà tó fà yọ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, wọ́n á yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún ṣẹ́ kù tí a ó fi sá aṣọ. Ó yọ tibí, ó kì í bọ tọ̀hún. Ó bú ẹni tó ṣe wáyà, ó bú ẹni tó tà á, ó bú eku tí kò tíì jẹ ẹ́. Ní gbogbo àkókò tó fi ń bú wọn yìí, iná kékeré kan aláwọ̀ ewé wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí wáyà ti wọlé, ó ń ṣẹ́jú sí i jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ní, èmi rèé, ara mi le.

Níta, àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ti di eléré ìje. Bébà ni wọ́n ń kọ èsì sí, tí wọ́n ń sáré gbé e lọ bá dókítà, tí bàtà wọn ń dún pàkàpàkà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti gbé èsì ìyá kan fún ọkùnrin kan, dókítà sì ti bi ọkùnrin náà pé oyún ẹ̀ ti tó oṣù mélòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìgbà tí wáyà tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó, tó bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó yẹ kó ti bi í látàárọ̀: káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo lo ní lára? Káàdì yẹn ni ẹ̀rọ fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà dé, eth0 lorúkọ káàdì ọ̀hún. Ẹ̀rọ dá a lóhùn. Káàdì wà níbẹ̀, ó pé, kò ṣàìsàn. Àmọ́ enp3s0 ló ń jẹ́ báyìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo làwọn eléyìí wò tí wọ́n fi bí irú èyí? Línọ́ọ̀sì tuntun ló ti sọ káàdì lórúkọ mìíràn, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Àmọ́ nínú fáìlì tí ẹ̀rọ máa ń kà nígbà tó bá ń jí, orúkọ àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tó bá ti lajú, á dúró, á máa pe eth0, eth0. Ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn. Á ní káàdì ti kú. Káàdì ò sì kú, ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n pe òun.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò ju kó ṣí fáìlì náà, kó fi orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kó pa ẹ̀rọ, kó tún un tàn, kó dúró wo bó ṣe máa jí. Ìdúró yẹn ni wàhálà. Ẹ̀rọ náà tó bá ń jí, ìgbín á ti lọ sọ́jà, á ti nájà, á ti bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago ara ògiri. Oòrùn ti ń gun àtàrí.

Ni ó bá ṣe é lọ́wọ́. Ó pe káàdì lórúkọ tuntun, ó tẹ àdírẹ́sì fún un níbẹ̀ níbẹ̀, ó wá ń jí àwọn iṣẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń jí ọmọ ilé ìwé. Gbogbo wọn dìde. Pupa lọ, àwọ̀ ewé dé. Láti láàbù, ẹnì kan ké pé èsì ti ń lọ.

"Tí iná bá lọ," Mátírọ́nù bi í, "tó bá tún jí, ṣé á rántí?"

"Mà, ẹ̀rọ yìí ò ní sùn mọ́ láyé."

Ó mọ̀. Ibi tó ti korò gan-an nìyẹn: ó mọ̀. Ohun téèyàn bá fọwọ́ fún ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí kò kọ ọ́ sínú fáìlì, oorun ẹ̀rọ ló ń gbé e lọ. Bátìrì tó sì yẹ kó gbé ẹ̀rọ dúró tí iná bá ṣẹ́jú, ó ti kú tipẹ́. Òun náà ló ní òun máa pààrọ̀ ẹ̀. Ó bọ́jú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi omi nu bàtà, ó ń súfèé lọ sẹ́nu géètì. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti wà níta nígbà tí iná ilé ìwòsàn kú, tó sì tún tàn, kíá, bí ẹni tó ṣẹ́jú.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì gba ìpè kan, ó gbọ́ ọ tán, ó gbójú sókè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ yín tí ò ní sùn mọ́ ti sùn o."

Ó dúró síbẹ̀. Ojú ẹ̀ wo títì, ó wo inú ọgbà. Àgbàlagbà kan wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń retí èsì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn eléré ìje yẹn. Ó yí padà. Kò pe ìyá ọmọ. Ó ní òun ò ní pẹ́, ẹni tí ò sì ní pẹ́, kí ló fẹ́ pe èèyàn sọ?

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣí fáìlì. Ó pa eth0 rẹ́, ó tẹ enp3s0 síbẹ̀. Kò gba àkókò tí èèyàn fi ń sín. Iṣẹ́ tó ti wó gbogbo àárọ̀ ẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án, ó sì jókòó, torí kò tún sí ibi tó fẹ́ sá gbà. Ìgbín lọ sọ́jà. Fóònù ẹ̀ ń gbọ̀n lórí tábìlì kejì, lábẹ́ òkìtì wáyà tó fà yọ. Ariwo fáànù ẹ̀rọ ò jẹ́ kó gbọ́. Ìlà kan yọ, àwọ̀ ewé. Òmíràn yọ. Títí dé ìsàlẹ̀, kò sí pupa kan. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pàkàpàkà bàtà dáwọ́ dúró, ìyẹn nìkan.

Mátírọ́nù ní wọ́n ti rí èsì bàbá yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní kó ṣeun. Ó wá bi í pé kí ló ṣe ẹ̀rọ náà gan-an.

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu. Èyí tó kéré jù nínú irọ́ tó wà níbẹ̀ tó kún ọkọ̀ akẹ́rù.

"Wọ́n yí orúkọ káàdì padà ni, Mà. Orúkọ àtijọ́ la ṣì ń pè."

"Gbogbo àárọ̀ yìí?"

"Gbogbo àárọ̀ yìí."

Ó jáde lọ sórí àtẹ̀gùn tó wà níwájú ilé náà. Eruku ti gba orókún ṣòkòtò ẹ̀, òógùn ti fi ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Òjìji igi tó wà lójúde ti yí sí òdìkejì. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n ti pe òun, wọ́n sì tún pe òun. Ó tẹ̀ wọ́n padà.

Ó dún títí. Ohùn ọmọ ló gbé e. Fóònù ìyá ẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ariwo mọ́tò wà lẹ́yìn ohùn náà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé.

"Hẹ́lò?"

"Dádì ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Dádì ń wa mọ́tò," ni ọmọ dá a lóhùn, pẹ̀lú irú ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti dá àlejò lóhùn. "Wọn ò lè gba fóònù. Ta ni kí n ní ó ń béèrè wọn?"

 Láti iwájú mọ́tò, ohùn ìyá ọmọ ń béèrè pé ta ni.

"Mi ò mọ̀," ni ọmọ wí, kò tilẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Ó jọ Dádì Fóònù."

Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ orúkọ tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, tó ti mọ̀ ọ́n lára, tí gbogbo ilé jọ ń lò láti fi mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbọ́ ọ rí. Ta ni ì bá sọ fún un?

"Ṣé Dádì Fóònù ni?" ni ọmọ tún bi í.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ tí mọ́tò ń rọra lọ. Ó gbọ́ tí ọkùnrin kan húkọ́ díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Dádì Fóònù ni."

"Ẹ káàsán, sà," ni ọmọ wí, ara ẹ̀ sì yá gágá. Ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé òun rí èèrùn lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n gbé ìyẹ́ kòkòrò kan lọ́wọ̀ọ́wọ́, tó tóbi jù wọ́n lọ, tí òun ń wò wọ́n títí Mọ́mì fi ní kí òun dìde. Ṣé Dádì Fóònù ti rí irú ẹ̀ rí? Ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣé Dádì Fóònù mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ? Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, fóònù lẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ń gbọ́, nígbàkigbà tí ọmọ bá sì ti pe orúkọ yẹn, ó ń dáhùn.