Olófòófó Inú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

"Ta ló wọlé? Ta ló kọ́kọ́ wọlé?"

Bàbá wa, mekáníìkì ẹgbẹ́ wa, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì ti fò kọjá lórí ìlà ìparí bí ẹni pé wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, omi òjò ń ru lẹ́yìn wọn bí èéfín. Gbogbo àwa tí a dúró sídìí ògiri pápá ìje ń wojú ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà nínú èyí pupa. Ọmọkùnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí bó ṣe máa ń já láti ẹ̀gbẹ́ kan títì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ló wà nínú èyí funfun.

Kí ìje yìí tó bẹ̀rẹ̀, àmì àwọn méjèèjì dọ́gba. Odidi ọdún ni wọ́n fi lé ara wọn kiri, ibi tí wọ́n lé ara wọn dé nìyí: ẹni tó bá ṣáájú èkejì lónìí ló gba ife. Ilé-iṣẹ́ kan tó ní àwọn ọkọ̀ ìje ńlá sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá gba ife ni àwọn máa gbà síṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí wọn kì í bojú wo ènìyàn mọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Bí kò bá rí i gbà lónìí, ó parí nìyẹn.

"Oníṣirò, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ojú mi ò gbé e."

Ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ bẹ́ẹ̀, torí pé èmi ni mo ń ka aago fún ẹgbẹ́ wa. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àlọ́ àti ìṣirò, ìṣirò náà ni mo sì kà ní yunifásítì. Mo lè sọ fún yín nípa ọdún tí ìlàjì àmì péré ya ọ̀gá àwọn awakọ̀ ìje sọ́tọ̀ kúrò lára igbákejì rẹ̀. Mo lè sọ nípa ọdún tí àwọn ará ilé awakọ̀ kan ti ń fò sókè pé ife ti di tiwọn, kí ẹlòmíràn tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní kọ́nà tó kẹ́yìn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn. Ọjọ́ yẹn ni mo wá mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ ni ìtàn náà ń dùn mọ́.

Pátákó oníná tó wà lókè ṣẹ́jú, ó kú, ó tún tàn. Orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ló wà lókè.

Ariwo ta ní ìsọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ funfun. Bàbá ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká, ó tún un ká títí kò fi ṣeé ká mọ́.

Ìyàtọ̀ àkókò tí ẹ̀rọ orí ìlà kà kéré débi pé mo ní láti sọ ọ́ di ìwọ̀n ilẹ̀ kí n tó lè lóye rẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ mi láti àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù, ọkọ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ kò ní rìn tó ìnà ọwọ́ méjì láàárín àkókò náà. Kámẹ́rà wà lórí ìlà, àmọ́ òjò ti bo ojú rẹ̀; àbàwọ́n pupa àti àbàwọ́n funfun nìkan ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí. Ẹ̀rọ náà kì í sì í rí ọkọ̀ rárá. Àpótí kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbọ́, èyí tó máa ń ké sí i tí ó bá ti dé orí ìlà. Olófòófó ni àwa ń pè é.

Nígbà tí a dé gáréèjì, ẹ̀gbọ́n mi ṣì jókòó sínú ọkọ̀, akoto rẹ̀ lórí. Ọ̀kẹ́rẹ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀ ni?"

"Kúrò níwájú mi, ìwọ ẹran ìgbẹ́ yìí."

"Ẹ lé mi dáadáa lónìí. Ẹ̀rù yín bà mí, mi ò ní parọ́."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá ṣí akoto. Ojú rẹ̀ gbẹ, èyí ló sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Akọ̀wé àwọn adájọ́ ìje gba ibẹ̀ kọjá, ó ní ẹni tó bá ní ẹjọ́ kí ó yára, pé Alága wọn ti fẹ́ buwọ́ lu èsì.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti yọ okùn bátìrì olófòófó, bí a ti ń ṣe lẹ́yìn gbogbo ìje. Mo na ọwọ́ sábẹ́ ibi tí orúnkún ẹ̀gbọ́n mi wà. Níbẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí.

Lábẹ́ orúnkún. Ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú ni òfin ní kó wà.

Mo mọ bó ṣe débẹ̀. Láàárín ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi imú ọkọ̀ gbá ògiri, Bàbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Àmọ́ imú tuntun náà ń jò. Omi wọ inú olófòófó, ó yadi láàárín ìje, wọn kò sì ka ìje ọjọ́ náà fún wa. Inú bí Bàbá. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí náà sẹ́yìn, síbi tí omi kò lè dé. Láti ìgbà náà ni kò ti yadi mọ́. Kò sì sí ìje kankan tó parí ní ìbú ọwọ́ rí, torí náà kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ táyà. Ìnà ọwọ́ kan. Méjì. Ẹ̀kẹta kún.

Ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ kà kò pé ìnà ọwọ́ méjì. Imú ọkọ̀ pupa ti kọjá ṣáájú ti funfun kí olófòófó rẹ̀ tó rí ẹnu sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀yin lẹ wọlé ṣáájú."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì wo ẹ̀yìn Bàbá tó ń kó sípánà sínú àpótí ní igun yàrá.

"Kí ni wọ́n ń ṣe fún mekáníìkì tó bá gbé olófòófó kúrò nípò láìgba àṣẹ?"

Mi ò fẹ́ dáhùn. "Wọ́n máa gba káàdì iṣẹ́ rẹ̀."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìje. Wọ́n sì lè má yọ ọ́. Ọwọ́ àwọn adájọ́ ló kù sí."

"Nígbà náà, pa ẹnu ẹ dé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ife yín..."

"Mo ní o pa ẹnu ẹ dé! Baba yẹn kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé. Kí n torí ife jẹ́ kí wọ́n gba káàdì ọrùn rẹ̀? Kí n sì tún wá pàdánù ife náà?"

Ibi tí a ti ń fà á nìyẹn tí ohùn Bàbá fi bọ́ sáàárín wa.

"Kí lẹ ń sọ?"

"Kò sí, Bàbá," àwa méjèèjì dáhùn pọ̀, bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ.

Bàbá kò wo ojú wa. Ọwọ́ mi ló ń wò. Mi ò rántí gbé e kúrò: ó ṣì nà sílẹ̀ lára ọkọ̀, láti àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù, bí ẹni tó ń wọn aṣọ. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú. Ó tún wo abẹ́ orúnkún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i bí ìṣirò náà ṣe ń parí lójú rẹ̀.

"Háà," ló wí.

Ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ dé ọrùn, ó sì jáde sínú òjò. Ẹ̀gbọ́n mi fò jáde nínú ọkọ̀, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

"Bàbá! Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé!"

"Ṣé ilé ni wọ́n ti ń pín ife ni?"

Yàrá àwọn adájọ́ kéré, ó sì ń mú ooru, aṣọ òjò tútù kún ara ògiri. Alága, obìnrin kan tó fi awò sí orí imú, ti mú kálàmù lọ́wọ́. Bàbá dúró níwájú tábìlì rẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ iyọ̀ kúrò.

Olùkọ́ tó ń kọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ìje, tó ti jókòó síbẹ̀, fò dìde. "Mà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó rú òfin ló tún fẹ́ gbé ife lọ?"

Bàbá ni Alága kọjú sí. "Ó ti pẹ́ tí àpótí yìí ti wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, mà. Èmi náà ò sì bi ara mi."

Alága gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti ọkọ̀ méjèèjì dé orí ìlà kí wọ́n fi téèpù wọ̀n wọ́n, kí gbogbo àwa yòókù sì bọ́ síta.

Orí bẹ́ńṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la jókòó sí. Mo ń ṣe ìṣirò náà lọ́kàn, mo tún un ṣe, ìdáhùn kan náà ló ń mú wá, síbẹ̀ ara mi ò lélẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá ṣì í wọ̀n ńkọ́? Bí wọ́n bá ní olófòófó ni ọkọ̀, pé ibi tó bá wà ni ọkọ̀ wà ńkọ́? Ìṣirò mi ò lè dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi eyín gé èékánná. Bàbá jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, bí ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Àǹtí, bí wọ́n bá pe orúkọ mi, ẹ má sunkún sí mi lára o. Ẹ̀wù mi tuntun ni."

"Ìwọ ni kí o lọ wá aṣọ ìnujú sílẹ̀."

Ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbọ̀n, ó ń gbọn bẹ́ńṣì, bẹ́ńṣì sì ń gbọn gbogbo wa.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Wọ́n pè wá wọlé. Alága kò jókòó.

"A ti wọ̀n ọ́n. Àpótí yìí kò ran ọkọ̀ pupa lọ́wọ́ rárá, ìpalára ló ṣe fún un. Nítorí náà, mi ò ní yọ ọ́. Ọkọ̀ pupa ló ṣáájú." Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, ó gbé ọwọ́ sókè. "Àmọ́ òfin ni òfin. Bàbá, ẹ mú káàdì yín wá. Ẹ ò ní wọ pápá ìje kankan títí ọdún tó ń bọ̀ yóò fi parí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí."

Bàbá bọ́ káàdì náà kúrò lọ́rùn. Okùn rẹ̀ há mọ́ bọ́tìnnì tó dè. Ó pẹ́ kó tó tú u. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí tábìlì. "Ẹ ṣé, mà," ló wí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gba ife, ń wo káàdì yẹn bí ẹni pé òun ni wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ife fún un, kò gbé e sókè bí wọ́n ti ń ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba àárín àwọn oníròyìn kọjá, ó sáré lọ sídìí ọgbà onírin tó yí pápá ká. Mo tẹ̀ lé e. Bàbá dúró níta pẹ̀lú àpótí sípánà rẹ̀, òjò ń kán láti imú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife náà mọ́ wáyà. Bàbá kò lè wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ihò wáyà kò gbà ju ìka lọ. Bàbá ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó fi kan ara ife díẹ̀, bó ṣe máa ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láti mọ̀ bóyá ó ti tutù.

"Ó dára," ló wí. Ó wá wò mí. "Oníṣirò, ṣé o ti yọ okùn bátìrì olófòófó?"

Mi ò tíì yọ ọ́.

"Kí lo wá dúró ṣe? Sáré lọ. Kí o sì gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Tí omi bá wọ̀ ọ́, kí ẹ wá bi mí níbí."