Akọ Akàn Tó Ń Tọ́mọ Ọlọ́mọ

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa pákó yẹn!”

Ọlọ́sìn akàn náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ti pé ọdún méjì tó ti dá àbúrò rẹ̀ yìí lóhùn gbẹ̀yìn, láti ọjọ́ tí àbúrò náà ti pè é ní olórí kunkun lójú gbogbo ẹbí. Ó di pákó tó wà láàárín adágún kékeré àti ńlá mú. Ọgbọ̀n akàn tó ní ẹyin lábẹ́ ikùn ló ti ṣà sínú kékeré. Bó bá fa pákó yìí báyìí, ọmọ wọn á ṣàn lọ bá igba akàn tó wà nínú ńlá, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á sì so èso.

“Sọ fún un,” ó wí fún ìyàwó rẹ̀, “ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mi ní akàn sínsìn, kó lọ gbẹ́ adágún tirẹ̀.”

“Ẹ sọ fún un fúnra yín. Ṣé èmi ni alágbàsọ yín ni?”

Àbúrò rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ àrùn ẹja àti akàn wò, kò dúró de ẹnikẹ́ni. “Akàn tí ìyàwó wa fi ránṣẹ́ sí mi, mo la inú rẹ̀. Kì í ṣe ẹyin ló wà níkùn rẹ̀. Kòkòrò ni. Ó ta gbòǹgbò kiri ara rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀. Oúnjẹ tí akàn bá jẹ, òun ló ń gbà á. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ akàn tó ń pàṣẹ pé kó dàgbà, kó bọ́ èèpo, kòkòrò náà ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Akọ pàápàá, ikùn rẹ̀ á fẹ̀ bíi ti abo, á máa tọ́jú kòkòrò bí ọmọ.”

“Ẹ gbọ́ o! Akọ lóyún!” Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú adágún kékeré, ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà pupa yọ.

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lórí pákó. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà yẹn kùn wọ́n lẹ́yìn lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kó má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn akọ nìkan ló sì kùn. Akàn tára rẹ̀ bá le ì bá ti bọ́ èèpo lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀dà ì bá ti bá èèpo lọ.

“Mo ní n kò rí èèpo kankan nínú omi mọ́,” ìyàwó rẹ̀ wí, “ẹ ní n gbẹ́nu mi dákẹ́.”

Lọ́wọ́ rẹ̀, akàn náà ń fi ẹsẹ̀ ra nǹkan tó wà níkùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyá.

“Ìgbà wo ni kòkòrò yìí máa tú ọmọ?”

Obìnrin náà la ẹnu láti dáhùn, kó tó rí i pé òun kọ́ ni ọkọ òun ń wò.

“Ó lè jẹ́ òní,” àbúrò rẹ̀ fèsì. “Bó bá tú ọmọ sómi, kò sí akàn tó máa là nínú adágún ńlá.”

“Gbogbo ọgbọ̀n?”

“Gbogbo wọn, bọ̀ọ̀dá mi. Ká sè wọ́n, ká sin wọ́n jìnnà sómi.”

Ẹ̀gbọ́n náà tẹ pákó wọlẹ̀ dáadáa, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ létí adágún kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn akàn náà jáde. Nígbà tó mú ìkejì jáde, ó sún díẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ lè ráyè kúnlẹ̀.