Ọmọ Panápaná

Ojú ọjọ́ ṣú dẹ̀dẹ̀, ni alága ilé ìkàwé bá ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n bí ẹni tó ti borí.

"Màdáámù, oòrùn yín dà?"

"Oòrùn kọ́ ni mo ṣèlérí fún yín, sà," ayàwòrán-ilé fèsì. "Ìmọ́lẹ̀ ni."

Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn sí òjò tó ṣú náà. Ilé wo ni kò lè mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá ń ràn? Ó ti gbé fèrèsé sókè lábẹ́ òrùlé, ó sì na pẹpẹ funfun sábẹ́ wọn, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sí àjà, kó sì bọ́ sórí àwọn tábìlì tó wà lẹ́yìn pátápátá, láìsí ooru, láìsí iná tí yóò máa jó látàárọ̀. Alága ní àlá lásán ni. Bí àyẹ̀wò òní bá fi lè sọ pé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, wọn yóò kan àjà mìíràn bo àwọn fèrèsé yẹn, wọn yóò sì to gílóòbù sí i. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ara ṣe á wá di àpótí.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló fi bàbá rẹ̀ jókòó sí. Bàbá ti ṣí ìwé, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ládùúgbò wọn àtijọ́, Panápaná ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ilé kankan ò jó lójú ẹ̀ rí. Yàrá dé yàrá ló máa ń lọ, tí á máa pa gílóòbù: "Ta ló tan iná lọ́sàn-án gangan?" Bí àwọn ọmọdé bá pe ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ọmọ Panápaná, ẹkún ló máa ń sun relé. Ṣùgbọ́n ó kọ́ bí a ṣe ń gbé tábìlì tẹ̀lé fèrèsé, ó sì mọ ògiri tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé e mì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Olùyẹ̀wò wọlé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo gbọ̀ngàn yí ká.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ni mo fẹ́ wọ̀n."

Kíá, alága ti débi ògiri. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Iná tàn wàà.

Ọwọ́ alága dúró sára ògiri. Látàárọ̀ ni iná ti wà ní pípa, kò sì sẹ́ni tó fura, títí kan òun alára tó jókòó síbẹ̀ ka ìwé ìròyìn rẹ̀ tán. Orí ayàwòrán-ilé wú. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí ì bá ta alága lára, kí ohùn kan tó gbà á mọ́ ọn lẹ́nu láti ẹ̀yìn:

"Ta ló tan iná lọ́sàn-án gangan? Ẹ pa á jàre, mò ń kàwé lọ́wọ́!"

Alága pa á. Olùyẹ̀wò rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó gbé ẹ̀rọ lé tábìlì, ó wò ó títí, ó sì mi orí.

"Ó mọ́lẹ̀ tó, ó tún lé. Màdáámù, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?"

Ayàwòrán-ilé lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀.

"Ọmọ Panápaná ni mí, sà."

Bàbá ṣí ojú ewé mìíràn.