Àwòrán Tí Wọ́n Fà Kalẹ̀

Tẹjúmádé ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́ nígbà tí àwòrán bàbá rẹ̀ yọ lójú fóònù. Ọbẹ dúró. Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó dorí kodò. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti jáde nínú apá ṣẹ́ẹ̀tì, tòsì há síbi ìgúnpá, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì bà lé egungun èjìká rẹ̀.

Toyibat ló fà á kalẹ̀ fún àwòrán oṣù nínú Ojúlówó, gúrúùpù àwọn ayàwòrán tí Tẹjúmádé jẹ́ ọ̀kan lára adájọ́ wọn. Ìlọrin ni Toyibat ń gbé. Kò mọ Bàbá rí. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ìdáwà àgbàlagbà nìyí.” Ìbò “mo gbà” ti ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹnìkan béèrè pé, “Àwọn ọmọ rẹ̀ dà?”

Tẹjúmádé gbé ọbẹ sílẹ̀. Ó pe Dennis, ọ̀gá tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ fọ́tò, tó sì wá ya Bàbá nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ ìgbà tí òun lọ gbé ohun mímu wá ní kíṣìnì ni Dennis yọ́ ya èyí.

“Bọ̀dá Dennis, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.”

“Èmi kọ́ ni mo fà á kalẹ̀ o, Tẹjú. Ojú ewé mi ni wọ́n ti rí i. Àbí kò dáa?”

Ó dáa. Ibi tó ti ń dùn ún gan-an nìyẹn.

“Ìbò ti bẹ̀rẹ̀,” ni Dennis wí. “Ẹni tó fà á kalẹ̀ nìkan ló lè fà á sẹ́yìn. Ìwọ lo kọ òfin yẹn.”

Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Òun náà ló kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kì í fa àwòrán ara rẹ̀ kalẹ̀. Pé a kì í lọ bẹ oníbò ní kọ̀rọ̀. Pé adájọ́ tí èèyàn rẹ̀ bá wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ panu mọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ayé á mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ò gbé mọ́. Bó bá dákẹ́, Bàbá á wà lókè gúrúùpù títí oṣù á fi parí, pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lábẹ́ rẹ̀. Ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo. Ta ló wá gbé e síta?

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá ni Tẹjúmádé ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un. Láti ilé wọn ní Festac dé ọjà Agboju, ìrìn rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Inú gúrúùpù yìí nìkan ni wọ́n ti ń bi í ní ohun tí kò jẹ mọ́ oògùn.

“Ta lò ń bá jà?” Ohùn Bàbá wá láti pálọ̀.

“Kò sí nǹkan, Dádì.”

“Mú fóònù náà wá.”

Ó gbé fóònù fún un. Bàbá wo àwòrán náà títí.

“Dennis ò kanlẹ̀kùn,” ló wí. “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Ó kà á fún un, ó fo ọ̀kan.

“Ka èyí tó o fò.”

Ó kà á. Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi wà ní kíṣìnì. Mi ò pè ọ́ ni. Mo fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà fúnra mi.” Ó na ìka sí ojú fóònù. “Mo sì wọ̀ ọ́. Nígbà tó o dé, o tún bọ́ ọ, o ní bọ́tìnì rẹ̀ ò bára mu.”

Tẹjúmádé rántí. Ó tiẹ̀ ti kánjú, ó ní àlejò ń dúró.

Ó jókòó, ó kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé: “Bàbá mi ni. Mi ò ní ìbò níbí. Kò dá wà, ṣẹ́ẹ̀tì ló ń wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè, èmi náà ò bi í.”

Lẹ́yìn náà Toyibat kọ̀wé: “Ẹ má bínú, Àǹtí, mi ò mọ̀. Ṣé kí n fà á sẹ́yìn?”

Tẹjúmádé ti tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, ó kù kó fi ránṣẹ́. Ó pa á rẹ́.

“Dádì, wọ́n ní ṣé kí wọ́n yọ ọ́?”

Bàbá gba fóònù, ó sún un mọ́jú, ó tún sún un sẹ́yìn.

“Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì?”

“Ìgbà tó bá wù yín.”

“Jẹ́ kí n rò ó ná.”

Tẹjúmádé fẹ́ sọ fún un pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù, pé ẹja wà nílẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó wá rò ó pé òun ò rántí ìgbà tí òun dúró gbọ́ èsì lẹ́nu bàbá òun gbẹ̀yìn. Bàbá gbé fóònù lé itan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pa irùngbọ̀n, ó ń rò ó, kò sì kánjú.