Ihò Píìnì Méjì

"Ẹ wò ó dáadáa, Màmá. Orúkọ yín kò sí níbẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Dàda yí fáìlì náà sọ́dọ̀ ìyá mi lórí tábìlì. Ọjọ́ kìíní rèé tí wọ́n gbà á láyè láti jáde nílé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Aṣọ dúdú wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bá a mú àpò rẹ̀ dání.

Ogún ọdún ni bàbá mi, Ọláṣẹ́gun Ìbíkúnlé, fi ra ilé wa ní Sùúrùlérè lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń kọ́ ilé tà, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Dàda ti ń ṣiṣẹ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀ kí ó tó kàn án lọ́wọ́. Owó oṣù ìyá mi, tí ó jẹ́ tíṣà ní Yábàá, ni gbogbo wa fi ń jẹun. Bí mo bá ní bàtà mi ti fún mi lẹ́sẹ̀, yóò ní, "Bàbá rẹ ń san ilé, èmi ń bọ́ yín. Ní sùúrù, yóò tán."

Kàlẹ́ńdà ìjọ máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn. Bí oṣù bá parí, bàbá mi a fi báírò fa ilà sí i lára, ìyá mi a sì béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ó ku mélòó?"

"Ó ku díẹ̀ kí n di lánlọ́ọ̀dù rẹ, Hilda."

"Lánlọ́ọ̀dù tí kì í fọ abọ́!"

Bí ìyá mi bá fẹ̀yìn tì, pálọ̀ ni yóò fi ṣe ilé ìwé jẹ́léósinmi. Ó ti ń ra àga kéékèèké lọ́wọ́ káfíńtà kan ní Múṣín, ọ̀kan lọ́dún yìí, méjì lọ́dún tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọ́n ti pé mọ́kànlá.

Oṣù Kìíní ọdún 1993 ni bàbá mi fa ilà tó kẹ́yìn. Ó wọ kóòtù, ó lọ gba ìwé ilé. Ọ̀gbẹ́ni Dàda sọ fún un pé ìwé wà lórí tábìlì ọ̀gá, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ ọ̀gá. Bàbá mi ní òun rí omi ẹ̀rọ nínú ọgbà wọn bí òun ṣe ń wọlé. Ìgbà mẹ́ta ló lọ, ìgbà mẹ́ta ló bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ó ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Abọ́dúndé, àbúrò rẹ̀ tí ó rán ní ilé ìwé, ló bójú tó ìsìnkú. Òun náà ló pe ìyá mi sí kọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa, ogójì ọjọ́ ni o. Ẹ ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta, kí wọ́n má baà bú wa nílé ní Iléṣà. Ohunkóhun tó bá wà níta, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá mi ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni Abọ́dúndé Ìbíkúnlé?" Ọ̀gbẹ́ni Dàda ló ń béèrè, ìka rẹ̀ wà lórí fáìlì náà.

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Òun ni ọkọ yín kọ pé kí a kó ẹ̀tọ́ òun fún bí òun bá kú. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀."

"Àpọ́n ni ọkọ mi nígbà tó kọ èyí," ni ìyá mi wí. "Ọ̀sẹ̀ kejì tí a ṣe ìgbéyàwó, a jọ wá síbí ni. Ó kọ ìwé mìíràn, ó fi orúkọ mi sí i. Wọ́n fi píìnì so ó mọ́ èyí. Ojú mi ló ṣe."

"Ìwé dà? Ẹ fi hàn mí."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ ìwé náà bí ẹni tó ń ṣe máàkì. Ihò kéékèèké méjì wà ní igun rẹ̀ lókè. Láàárín wọn, ìpáàrà ti ya àwòrán píìnì kan sílẹ̀, ó pupa bí ilẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí ni píìnì yìí so?"

Ọ̀gbẹ́ni Dàda fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀. "Màmá, ihò kì í jẹ́rìí."

Obìnrin tó ń tẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dáwọ́ dúró. Ó wò wá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì sọ̀ tán lórí àtẹ̀gùn tó fi bá wa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi Christianah ni mo sọ ọ́ o. Bọ̀dá kan wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní opó kò lè jáde, òun ni ẹ rán. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Dàda ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ti gba ìwé ilé lọ."

"Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀gá yín?"

"Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, Màmá."

Ìyá mi fọwọ́ kàn án léjìká. "Mo gbọ́. Padà, kí wọ́n má wá ọ."

Lọ́yà kan ní Yábàá sọ fún wa pé ẹjọ́ náà dára púpọ̀. Ó ní ó lè má ju ọdún mẹ́jọ lọ.

Abọ́dúndé mú ayálégbé wá ní ọjọ́ Sátidé kan. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá ẹ̀yìn. "Ìyàwó wa, mi ò lé yín o. Ta ni yóò lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ohun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ máa san." Yàrá náà kò gba àwọn àga, a sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta. Òjò pa wọ́n títí ọ̀dà ara wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Nígbà tí oṣù Karùn-ún parí, ìyá mi san owó yàrá, ó sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ Abọ́dúndé. Nígbà tí mo wọlé, mo bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn níwájú kàlẹ́ńdà tí ó gbé wá láti yàrá wọn àtijọ́, báírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ilà sí oṣù náà lára, ó tọ́ gbọọrọ, bí bàbá mi ti máa ń fà á.

Mo dúró kí ó béèrè iye tó kù. Ó dé báírò, ó sì lọ jókòó.