Òkúta Abẹ́ Apá Balógun

Bí ìfẹ́ bá pọ̀ lójú ẹni, kì í jẹ́ kó rí ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Lójú Ayọ̀mípọ̀sí, ibi ìrántí Balógun Odùbíyì tó wà lẹ́yìn ìlú Simawa kò wúlò fún nǹkan kan ju àwòrán tí òun fẹ́ yà ṣáájú ìgbéyàwó lọ. Ère Balógun na apá kan jáde bí ẹni tó ń ṣíji bo ọmọ rẹ̀. Àwọn òkúta kéékèèké, tí kò ga ju àpótí ìdáná lọ, sì tò yí i ká nínú koríko.

"Ẹ súnmọ́ra jàre!" Tawfiq ayàwòrán pariwo lọ́jọ́ Sátidé náà. "Àbí ẹ̀ ń jà ni?"

Ilésanmí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, rẹ́rìn-ín. Ó hú òkúta kan nílẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn lábẹ́ apá Balógun. "Ayọ̀ mi, ìtẹ́ rẹ rèé."

Ọkàn Ayọ̀mípọ̀sí yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó fi kọ́ idà Balógun. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán tán, wọ́n fi òkúta náà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rín lọ jẹ sùyà ní Ògèrè.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà Ilésanmí ní kí àwọn méjèèjì mú òun lọ síbẹ̀. Ojú Màmá ti di bàìbàì. Èkó ni wọ́n sì ti tọ́ Ilésanmí dàgbà, kò bá wọn débẹ̀ rí.

"Ìyàwó wa," Màmá wí, bí wọ́n ti di Ayọ̀mípọ̀sí lápá mú, "ilé wa kì í ṣe ìgbéyàwó láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi ìyàwó han Bàbá Ṣóyẹmí. Àgbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ogun dé, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó gbé ìbọn tẹ̀lé Balógun. Pápá yìí ló gbé gbogbo wọn mì. Òkú wọn ò wálé. Òkúta kọ̀ọ̀kan ni ilé kọ̀ọ̀kan rì mọ́lẹ̀ dípò ọmọ wọn."

Ayọ̀mípọ̀sí bojú wo òkúta tó wà lábẹ́ apá ère. "Mi ò rí orúkọ lára wọn, Màmá."

"Orúkọ kẹ̀? Ibi tí kálukú wà ni orúkọ rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan mọ tiẹ̀."

Màmá kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ère náà. Wọ́n ń fi ọwọ́ wá àwọn òkúta náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí wọn bí ẹni ń kí ará ilé. Ó ṣe díẹ̀, ọwọ́ wọn já sínú ihò. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́.

"Ilésanmí, Bàbá Ṣóyẹmí dà?"

Ilésanmí wo bàtà ara rẹ̀. "Ó lè jẹ́ màlúù ló tì í ṣubú, Màmá."

"Ogun gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Ó tún sọnù?"

Ayọ̀mípọ̀sí wo ọkùnrin tí òun rò pé ó lè bẹ́ sínú iná nítorí òun. Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ló bá kúnlẹ̀ sínú koríko.

"Màmá, kì í ṣe màlúù. Àwa la hú u. A fi jókòó ya àwòrán."

"Ta ló jókòó lé e?"

"Èmi ni, mà."

Ilésanmí sáré lọ gbé òkúta náà. "Fi sílẹ̀!" Màmá kò pariwo, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ilésanmí dúró. "Ẹni tó fi ìdí kàn án ni kó fi àyà gbé e."

Ayọ̀mípọ̀sí gbá òkúta náà mọ́ra, ẹrẹ̀ ba léèsì funfun rẹ̀ jẹ́. Ó dá a padà sínú ihò, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀ yí i ká. Màmá fọwọ́ pa òkúta náà lórí.

"Ṣóyẹmí, pẹ̀lẹ́. O ti wálé."

Ayọ̀mípọ̀sí tẹrí ba, ó ń retí kí Màmá dárúkọ òun fún Bàbá. Màmá gbọn eruku aṣọ wọn, wọ́n dìde.

"Màmá, ẹ ò tíì dárúkọ ẹ̀ fún wọn," Ilésanmí wí.

"Mi ò gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí koríko hù yí i ká ná. Bó bá hù tán, ẹ ó tún mú mi wá."

"Ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Ìgbéyàwó náà á dúró de koríko."

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Ilésanmí na ọwọ́ sí i. Ayọ̀mípọ̀sí kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò mọ èyí tó ń tì í lójú jù: òkúta tí òun jókòó lé, àbí ọkùnrin tó pe òkúta náà ní ìtẹ́, tó tún purọ́ mọ́ màlúù.